Ferruccio Lamborghini, Ọmọ Àgbẹ̀ Tí Ó Fi Katakata Là Kí Ó Tó Ṣe Mọ́tò

Ẹ ti ka ìròyìn ìkómọjáde àti ti ìgbéyàwó lójú ewé ìṣáájú; ẹ wá jókòó díẹ̀ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Bí ẹ bá pe ọmọ yín tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá, tí ẹ ní kí ó sọ ohun tí ń jẹ́ Lamborghini, kíá ni yóò dá yín lóhùn pé ọkọ̀ ni, ọkọ̀ tí ń sáré bí ìjì, tí owó rẹ̀ tó kọ́ ilé alájà mélòó kan. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó di orúkọ ọkọ̀, orúkọ ìdílé ni, ìdílé àgbẹ̀ tí ń gbin àjàrà ní abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Ítálì. Ferruccio ni ẹni tí ó gbé orúkọ náà kúrò lóko lọ sí ojú títì, katakata tí àwọn àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di olówó.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Renazzo, abúlé kan lẹ́bàá ìlú Cento, ní ẹkùn Emilia ní ìhà àríwá Ítálì. Antonio ni bàbá rẹ̀, Evelina ni ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú lọ salalu, ó sì lọ́ràá. Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbẹ̀, bí ọmọ àgbẹ̀ bá sì ti dàgbà, ọkọ́ ni a retí pé kí ó mú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá dé oko, ẹ̀rọ ni ojú rẹ̀ máa ń lọ, kì í ṣe ohun ọ̀gbìn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa náà: ẹ rán an lómi, ẹ lọ bá a nídìí kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó ti tú palẹ̀ sí gbangba. Bàbá mìíràn a fi pàṣán lé e dìde níbẹ̀. Antonio kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ni ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Bologna, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ àwọn ológun ṣe.

Nígbà tí Ogun Hítílà dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1940, wọ́n mú Ferruccio wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú òfúrufú. Kì í ṣe pé wọ́n gbé ọkọ̀ òfúrufú lé e lọ́wọ́ o. Erékùsù Rhodes ni wọ́n rán an lọ, lójú òkun ìhà Gíríìsì, tí ó wà lábẹ́ Ítálì nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa tọ́jú àwọn mọ́tò ológun. Ẹ ro ibi tí omi yí ká lákòókò ogun: ohun èlò tuntun kò rọrùn láti rí. Bí ọkọ̀ bá kú, ara òkú ọkọ̀ mìíràn ni a ó ti yọ ohun tí a ó fi jí i. Mẹkáníìkì tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, kò sí irin tí yóò rí tí yóò pè ní pàǹtí mọ́. Ní 1943 Ítálì jáwọ́ nínú ogun, àwọn Jámánì sì gba erékùsù náà. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n sì kó Ferruccio mọ́ àwọn tí wọ́n mú ní ìgbèkùn. Ọdún 1946 ni ó tó fojú kan ilé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn odi! Àwa tí a wà lájò mọ bí ọ̀nà ilé ti í rí lójú ẹni tí ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ẹrù tí ó gbé bọ̀.

Ó gbé Clelia Monti níyàwó, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Pieve di Cento. Ní 1947 Clelia bí ọmọkùnrin kan fún un, ṣùgbọ́n ìyá náà kò ti orí ìkúnlẹ̀ dìde. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Antonio, orúkọ bàbá-bàbá rẹ̀. Tonino ni wọ́n ń pè é. Ẹni ọdún 31 ni Ferruccio nígbà náà, ọmọ jòjòló wà lọ́wọ́ rẹ̀, aya kò sí nílé. Nígbà tí ó yá ó fẹ́ Annita Borgo, obìnrin náà sì dúró tì í dáadáa ní gbogbo ọdún tí ó fi ń gòkè àgbà. Àwọn ìwé ìtàn ọkọ̀ kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Clelia kí wọ́n tó sá lọ sọ́rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ọdún tí ó tẹ̀ lé ikú yìí gan-an ni ọkùnrin náà dá katakata rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Bí ó ti rí nìyí. Ogun ti sọ oko di ahoro, ẹran tí ń fa ohun ìtúlẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, katakata tuntun sì kọjá agbára àgbẹ̀ kékeré. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ ogun tí àwọn ológun fi sílẹ̀ kún ilẹ̀ káàkiri, ìjọba sì ń tà á ní ẹdinwó. Ohun tí ẹlòmíràn ń wò bí òkìtì ìdọ̀tí, Ferruccio rí oko nínú rẹ̀. Ó mú ẹ́ńjìnnì Morris ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó mú jíà General Motors ti Amẹ́ríkà, ó tún mú ohun tí ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti ara ọkọ̀ Ford, ó so wọ́n pọ̀, ó sọ ọ́ di katakata kan ṣoṣo. Ọmọ ìlú mẹ́ta di ọmọ ìyá kan! Carioca ni ó pè é. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1948, ọjọ́ ọdún ẹni mímọ́ tí ìlú Cento ń bọ̀wọ̀ fún, ni ó gbé e wá sí gbàgede ìlú kí gbogbo àgbẹ̀ lè rí i. Ó gbọ́n nínú ọjọ́ tí ó yàn, nítorí ọjọ́ ọdún ni gbogbo oko ń ṣófo tí ìlú ń kún.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà nínú Carioca tí ó ju ìsopọ̀ irin lọ. Pẹtiróòlù wọ́n lọ́jà nígbà náà. Ferruccio ṣe ohun èlò kan tí ń sọ epo di èéfín tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó fi jẹ́ pé pẹtiróòlù díẹ̀ ni a ó fi ṣí ẹ́ńjìnnì, bí ó bá ti gbóná tán, a ó yí i sí epo olówó pọ́ọ́kú tí àwọn àgbẹ̀ ń lò, iṣẹ́ a sì máa lọ. Owó tí àgbẹ̀ kò ná lórí epo nìyẹn, àgbẹ̀ kò sì ní olùkọ́ ìṣirò tí ó ju àpò rẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní 1952 ìjọba Ítálì ṣe òfin kan tí a fi ń yá àgbẹ̀ lówó láti ra ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Ítálì fúnra rẹ̀, ọjà sì yá sí i. Ferruccio kúrò ní ẹni tí ń to àlòkù irin, ó di ẹni tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe katakata jù lọ nílẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ, ó tún dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ tí ń ṣe ẹ̀rọ amúlégbóná àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí ń bá àwọn àgbẹ̀ ná ọjà lánàá ti di ọ̀gá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ a máa sọ pé bí ó bá rí òṣìṣẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ tì, a ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, a gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ṣe é lójú rẹ̀.

N kò gbọdọ̀ gbàgbé eré ìje rẹ̀. Ní 1948 kan náà, ó mú ọkọ̀ Fiat kékeré tí wọ́n ń pè ní Topolino, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ eku kékeré, ó tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kí ó lágbára sí i, ó sì fi í wọ ìdíje Mille Miglia, eré ẹgbẹ̀rún máìlì tí wọ́n ń sá lójú títì gbogbogbòò yí Ítálì ká. Ó sáré sáré, ó ti gba ọ̀nà tí ó ju ìdajì lọ, kí ó tó di pé ọkọ̀ yà bàrá nítòsí Turin, tí ó sì forí sọ ògiri ilé oúnjẹ kan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rín, pé inú búkà ni òun ti parí eré tòun, àti pé ògiri ni òun gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà kò tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdíje mọ́.

Wàyí o, owó dé, ọkọ̀ rere sì wọ ọ́ lójú. Ó ra Alfa Romeo, ó ra Lancia, Mercedes, Jaguar àti Maserati, ó sì ra Ferrari. Ìlú Maranello tí wọ́n ti ń ṣe Ferrari kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, Enzo Ferrari tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà sì fi ọdún 18 jù ú lọ. (Èmi akọ̀wé rélùwéè fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bàbá Enzo yìí ní ṣọ́ọ̀bù irin ní Modena, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún rélùwéè ilẹ̀ wọn.) Ọkọ̀ Ferrari náà sáré, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń yọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò wakọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ kí ó tó pààrọ̀ jíà. Òun ni ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, tí ń já wọn tí ó sì ń so wọ́n. Bí ó bá ń yọ, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò ní lọ bí ó ti yẹ. Ferruccio gbé e padà lọ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi sú u.

Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu Ferruccio ni a ti gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí á gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní òun pe mẹkáníìkì òun kan láti tú u, wọ́n sì rí i pé irú kílọ́ọ̀ṣì tí òun ń fi sínú katakata gan-an ni ó wà nínú Ferrari, èyí tí òun ń rà ní owó kékeré lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tà fún òun ní owó gegere nítorí pé ó ti gba Maranello kọjá. Ó fi tirẹ̀ sí i, ọkọ̀ dára. Ó wá lọ bá Enzo láti sọ fún un. Èsì tí ó ní Enzo fún òun ni pé ẹ̀bi kò sí lára ọkọ̀, ara awakọ̀ ni ó wà, kí ó padà lọ máa wa katakata rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ní ìtàn yìí dùn jù kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé bí inú ti ń bí ọmọ àgbẹ̀ yìí tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣírò owó nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iye tí wọ́n ra kílọ́ọ̀ṣì àti iye tí wọ́n tà á yóò mọ̀ pé èrè ńlá wà nínú iṣẹ́ náà.

Ní 1963 ó kọ́ ilé-iṣẹ́ mọ́tò sí Sant'Agata Bolognese, láàárín Modena àti Bologna. Ó bẹ Giotto Bizzarrini, ẹni tí ó ti bá Ferrari ṣiṣẹ́ rí, kí ó bá òun ṣe ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 12. Iṣẹ́ náà le ju bí ó ti fẹ́ lọ: ẹ́ńjìnnì eré ìje ni Bizzarrini ṣe, Ferruccio sì fẹ́ èyí tí ọkùnrin olówó lè wọ̀ lọ jẹun kí aṣọ rẹ̀ má bàjẹ́. Bizzarrini bá tirẹ̀ lọ. Ni ó bá kó iṣẹ́ náà lé àwọn ọmọ kékeré lọ́wọ́: Gian Paolo Dallara, Paolo Stanzani, àti Bob Wallace, ọmọ New Zealand tí ó jìnnà sílé ju gbogbo wa lọ. Kò sí èyí tí ó tíì pé ọmọ 30 ọdún nínú wọn.

Oṣù kẹwàá ọdún náà ni ìpàtẹ ọkọ̀ ní Turin. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó ń dán gbinrin, àwọn ènìyàn péjọ yí i ká, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kò gba inú ibi tí wọ́n ṣe fún un, bíríkì ni wọ́n tò síbẹ̀ kí imú ọkọ̀ má bàa gbé sókè! Ẹ fojú inú wo ọkùnrin náà tí ó dúró tì í, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń bọ àwọn oníwèé ìròyìn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1964 wọ́n gbé ọkọ̀ tòótọ́ jáde ní Geneva, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ipò rẹ̀, ó ń jẹ́ 350 GT. 13 péré ni wọ́n rí ṣe fún oníbàárà lọ́dún náà, àdánù ni wọ́n sì ń tà á kí owó rẹ̀ má bàa ju ti Ferrari lọ. Èrè katakata ni ó ń bọ́ mọ́tò.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta yẹn kò jáwọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n ń pé jọ tí wọ́n ń ya ọkọ̀ mìíràn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní sí níwájú, bí kò ṣe lẹ́yìn awakọ̀, tí wọn yóò sì fi í dábùú. Bí wọ́n ti fi han ọ̀gá, ó gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ó rò pé díẹ̀ ni wọn yóò rí tà, pé ìpolówó lásán ni yóò jẹ́ fún ilé-iṣẹ́. Ní 1965 wọ́n gbé eegun rẹ̀ nìkan lọ sí Turin láìní ara, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó sílẹ̀ lórí egungun! Marcello Gandini ti ilé-iṣẹ́ Bertone ni ó ya ara rẹ̀, ní Geneva ní 1966 ni ó sì jáde pẹ̀lú orúkọ Miura. Kò ga ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 105 lọ, àgbàlagbà tí ó bá dúró tì í, òrùlé rẹ̀ kò dé àyà rẹ̀. Nǹkan bí 760 ni wọ́n ṣe títí di 1973, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa ọkọ̀ sì gbà pé ojú ọ̀nà kò tíì rí èyí tí ó lẹ́wà jù ú lọ.

Miura jẹ́ orúkọ ìdílé kan ní Sípéènì tí ń sin akọ màlúù oníjà. Wọ́n bí Ferruccio sábẹ́ ìràwọ̀ akọ màlúù, ìdí nìyẹn tí ó fi fi àwòrán rẹ̀ ṣe àmì ọkọ̀ rẹ̀. Islero, orúkọ ọkọ̀ mìíràn tí ó ṣe ní 1968, ni orúkọ akọ màlúù tí ó pa Manolete, gbajúmọ̀ tí ń bá màlúù jà, ní 1947.

Báwo ni gbogbo rẹ̀ ṣe wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣòwò inú wa fara balẹ̀ kà. Láti 1969 ni ìyanṣẹ́lódì ti gba Ítálì kan, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì yọ sílẹ̀. Èmi tí mo wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ní bú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá a lẹ́gbẹ́ kì í ṣe mọ́tò, katakata ni. Nǹkan bí ìdajì katakata tí ó ń ṣe ni ó ń tà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1971 ẹni tí ń bá a kó ọjà wọ Gúúsù Áfíríkà pa gbogbo ohun tí ó ti bèèrè rẹ́. Bolivia, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ti bèèrè ọ̀pọ̀ katakata, apá kan ti dé èbúté Genoa tí ó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà àwọn ológun gba ìjọba Bolivia, ìjọba tuntun sì ní àwọn kò rà mọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹrù rí, yóò sọ fún yín: ọjà tí a ti kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á sí lára, tí ẹni náà ní òun kò gbà á, ó burú ju ọjà tí a kò ṣe rárá lọ. Irin ti wọ inú rẹ̀, owó oṣù ti wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sanwó. Kò lè dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, nítorí àdéhùn ẹgbẹ́ wọn.

Ní 1972 ó ta gbogbo katakata fún SAME, ilé-iṣẹ́ Ítálì tí wọ́n jọ ń du ọjà. Ọdún náà ni ó ta ìpín 51 nínú 100 ilé-iṣẹ́ mọ́tò fún Georges-Henri Rossetti, ọmọ Switzerland, ní dọ́là 600,000. Ní 1973 ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá mú kí epo wọ́n gógó káàkiri ayé, ta ni yóò wá ra ọkọ̀ onísílíńdà 12? Ní 1974 ó ta ìpín 49 tí ó kù fún René Leimer, ọ̀rẹ́ Rossetti. Kò ní nǹkan kan mọ́ nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tí ó bá pàdánù tó bẹ́ẹ̀ a máa jókòó sínú ilé, a máa wo ògiri. Ferruccio ra ilẹ̀ sí Panicarole, lẹ́bàá adágún Trasimeno ní ẹkùn Umbria, ó sì gbin àjàrà, iṣẹ́ tí ó sá kúrò nídìí rẹ̀ lọ́mọdé. Ọtí tí ó ń fún níbẹ̀, ó pè é ní Ẹ̀jẹ̀ Miura. Àwọn àlejò tí ó wá wò ó a máa bá a lórí katakata.

Ilé-iṣẹ́ mọ́tò náà kò gbádùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wọ gbèsè ní 1978. Àwọn ará Mimran tí ìdílé wọn ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Senegal, nítòsí wa níhìn-ín, ni ó gbà á lẹ́yìn náà. Chrysler ti Amẹ́ríkà rà á ní 1987, àwọn ará Indonesia gbà á ní 1994, Audi ti Jámánì sì rà á ní 1998, ọwọ́ wọn ni ó wà títí di òní. Katakata Lamborghini náà kò parẹ́, wọ́n ṣì ń tà á fún àwọn àgbẹ̀.

Ferruccio kú ní ìlú Perugia ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1993, ẹni ọdún 76 ni, àìsàn ọkàn ni ó pa á. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Renazzo, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Tonino, ọmọ tí Clelia fi sílẹ̀, ti kó ohun ìrántí bàbá rẹ̀ jọ sí ilé kan ní Funo, lẹ́bàá Bologna, tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2014: katakata àtijọ́ wà níbẹ̀, Miura náà wà níbẹ̀.